Ẹni Tó Ń Mú Ìyàwó Tuntun Gun Òkè Dala

Ẹ fa àga súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, kí n sọ nípa ẹ̀gbọ́n ìyá mi fún yín, Màmá la máa ń pè wọ́n, Niger Street ní Kano ni wọ́n gbé. Bí ìyàwó tuntun bá ti ilẹ̀ Yorùbá dé Sabon Gari, Màmá kì í kọ́kọ́ fi ilé ìdáná hàn án. Ìlú ni wọ́n máa ń mú un lọ wò.

Nígbà tí ìyàwó tèmi dé, ẹkún ló ń sun. Ó di ẹrù, ó ní òun ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Màmá ò bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní, "Ìyàwó, bí wọ́n bá bi ọ́ nílé pé báwo ni Kano ṣe rí, kí lo fẹ́ sọ? Wọ bàtà ẹ."

Àwọn méjèèjì wo kòtò aró ní Kofar Mata, Màmá ń kí àwọn aláró kú iṣẹ́ lédè Hausa, "Sannunku da aiki," bí ẹni ń kí àbúrò. Lẹ́yìn náà, wọ́n gun òkè Dala. Ìyàwó mi wo òrùlé lọ títí, kò rí òpin wọn.

Ó ní, "Màmá, apá ibo ni ilé wa wà?"

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ilé ta ni? Ó yá, jẹ́ ká lọ tú ẹrù."

Nígbà tí Màmá dolóògbé, àwọn ọmọ wọn pín ilé àti aṣọ. Àwọn ìyàwó tuntun ló kan ìyàwó mi. Ọ̀kan dé láti Ìlá lánàá. Àwọn méjèèjì ti jáde láti àárọ̀, èmi ni mo ń se ìrẹsì.