Irin Mẹ́rin Tó Lé Lábẹ́ Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ìyá ẹlẹ́yin kò pariwo, ohun tó sì bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ó gbé kíréètì òkè kúrò, ó gbé ìkejì, ó wá dúró lórí ìkẹta, níbi tí omi ẹyin ti ń kán sórí sìmẹ́ńtì iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kẹtu. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀.

"Dádì," ó sọ fún bàbá mi, "ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Mo mọ̀ pé ẹ kì í sáré. Àmọ́ ta ló fẹ́ ra ẹyin tó ti là? Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo tún máa kó. Tó bá tún rí báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, màá wá ọlọ́kọ̀ mìíràn."

"Ó ti yé mi, ìyá." Bàbá mi ló dáhùn bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la wà.

Ó ju ogún ọdún lọ tí bàbá mi fi kó iṣu láti òkè ọya wá sí Mile 12. Lọ́dún tó kọjá, oorun gbé e lọ nídìí ọkọ̀, ọkọ̀ sì yà wọ igbó. Kò farapa, ṣùgbọ́n èmi àti ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà pé òun kò ní rin ọ̀nà jíjìn mọ́. Ẹyin ìyá yìí, tí à ń lọ kó ní oko kan lẹ́yìn Ìkòròdú, ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ọkọ̀ náà ní nítòsí ilé. Bí iṣẹ́ náà bá bọ́, ọ̀nà òkè ọya ni yóò padà sí. Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n lójú rẹ̀.

Mo ti ka físíìsì jáde, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo sì ń kọ ìwé ìwáṣẹ́ kiri. Kí n má baà jókòó lásán, mo máa ń bá a lọ, mo ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níwájú. Ọkọ̀ náà ń fò. N kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè pè é. Tó bá kan ihò kékeré, ẹ̀yìn rẹ̀ á ta sókè, á tún balẹ̀ gbì, ẹyin á sì dún lẹ́yìn wa. Bàbá mi á rọra tẹ bíréèkì.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, a gbé e lọ bá mẹkáníìkì kan ní Ìkòsì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó nàka sí ṣọ́ọ̀kì, irin gbọọrọ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, tó máa ń di ọkọ̀ mú kó má baà máa jó. Ọ́ìlì ti ṣàn sí i lára.

"Ẹ wo omijé rẹ̀," ó ní. "Ó ti kú, ó sì ń sunkún ara rẹ̀."

Mo wò ó. Òótọ́ ni, ọ́ìlì wà níbẹ̀. Bàbá mi yíjú sí mi, ó ní kí ni mo rò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣọ́ọ̀kì ni, mo sì sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀. Kí n tó sọ ọ́, mẹkáníìkì náà ti fi ọwọ́ méjèèjì tẹ igun ẹ̀yìn ọkọ̀, ọkọ̀ kò sì mira. Ó dúró bí ògiri. Ọkọ̀ tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti kú, ńṣe ló yẹ kó lọ sísàlẹ̀ kó tún máa jó. Mo rí i pé kò mira, mo sì fojú fò ó. Títí di òní, ibẹ̀ ni mo máa ń padà sí.

Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ méjì sí i. N kò fẹ́ fi ẹyin dán an wò, nítorí náà mo wá abọ́ mẹ́rin tó dọ́gba, mo so méjì mọ́ iwájú ibi ìkẹ́rù, mo so méjì mọ́ ìparí ẹ̀yìn, mo sì bu omi sí gbogbo wọn dé ojú àmì kan náà.

"Àńtí," mẹkáníìkì ní, "ṣé ẹ fẹ́ wẹ̀ lójú ọ̀nà ni?"

A lọ sí Ṣàngísà, a sì padà. Omi tó wà nínú àwọn abọ́ iwájú dín díẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù nínú tẹ̀yìn kò tó láti fi bọ́jú. Bàbá mi wo abọ́, ó wò mí.

"O ní ṣọ́ọ̀kì ni."

"Mo ṣì í, Dádì."

Ó da omi tó kù sílẹ̀, ó wọ inú ọkọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́, aládùúgbò wa kan ní ká bá òun gbé ogójì àpò sìmẹ́ńtì lọ sí ibi tí òun ti ń kọ́lé ní Ṣàngísà. Inú mi kò dùn sí i. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló kù fún wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ojú ọ̀nà tí a gbà lánàá, mo fi ọwọ́ di ìjókòó mú, mo ń retí ihò àkọ́kọ́. A kọjá lórí rẹ̀. A kọjá lórí ìkejì. Ọkọ̀ náà ń lọ bí ẹni tó ń rìn lórí ẹní. Nígbà tí wọ́n já sìmẹ́ńtì tán tí a ń padà bọ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò.

"Dádì, ẹ rí i? Nígbà tí ẹrù wà lẹ́yìn, kò fò."

"Ọkọ̀ iṣu ni," ó ní. "Ẹrù ló mọ̀." Ó fi ìyangàn sọ ọ́.

Bí a ṣe délé, mo tẹ́ páálí sílẹ̀, mo wọ abẹ́ ọkọ̀. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn, tí a ń pè ní sípíríǹgì, ló gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ dúró. Mo kà wọ́n. Mẹ́sàn-án wà lápá òsì, mẹ́sàn-án lápá ọ̀tún. Ní apá kọ̀ọ̀kan, méjì nípọn ju ìyókù lọ, ìpẹtà wọn sì yàtọ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti sọ̀rọ̀ yára jù lẹ́ẹ̀kan. Mo rìn lọ sí ibi tí àwọn ọlọ́kọ̀ iṣu ń páàkì sí ní Mile 12, mo ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àwọn ọkọ̀ tó jẹ́ irú tiwa.

"Àńtí, kí lẹ sọ nù?" awakọ̀ kan pariwo.

"Ọkọ ló ń wá," ẹnì kejì dáhùn.

"Tó bá jẹ́ ọkọ ni, ẹ jáde lábẹ́ ibẹ̀. Mo dúró sí ìta níbí!"

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì ń kà á lọ. Mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá. Ọkọ̀ méjì tó ń kó búrẹ́dì ní Ìkòsì ní méje-méje. Ọkọ̀ méje péré ni gbogbo rẹ̀, kò tó ohun tí ènìyàn lè fi búra, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó tako ohun tí mo ń rò. Kí n tó kúrò ní Mile 12, mo ti bi awakọ̀ tó kọ́kọ́ pè mí bóyá wọ́n fi irin kún tiwọn ni.

"Ta ni kì í fi kún un?" ó ní. "Òyìnbó tó ṣe é, ṣé ó mọ iṣu?"

Nígbà tí mo padà délé, bàbá mi ń nu gíláàsì ọkọ̀.

"Dádì, ta ló fi irin kún sípíríǹgì ẹ̀yìn?"

Ó ń nu ún lọ. "Èmi ni."

"Nígbà wo?"

"Ọdún tí o wọ yunifásítì. Ẹrù tí mo fi ń lọ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, mo wá ń kó o lẹ́ẹ̀mejì."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ dàrú mọ́ mi lẹ́nu. Síbẹ̀, mo sọ fún un pé irin yẹn ló ń fọ́ ẹyin, pé ó le jù fún ẹrù fífúyẹ́, kò lè tẹ̀, gbogbo ihò tí a bá kàn ló ń ta ẹyin sókè.

"Ìwọ tó ní ṣọ́ọ̀kì ni lánàá?"

"Lánàá, mo gba ohun tí ẹlòmíràn sọ."

"Tó o bá tún ṣì í lónìí ńkọ́?"

"Mo lè ṣì í, Dádì."

Ó fi aṣọ ìnukọ̀ sí èjìká. "Tí mo bá yọ ọ́, ọkọ̀ yìí ò lè gbé iṣu bó ṣe ń gbé e tẹ́lẹ̀ mọ́. Tí ẹyin bá tún wá fọ́, kí ni mo fẹ́ máa gbé?"

Ìyá mi, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, ti dáwọ́ dúró. Bàbá mi wo ìyá mi, ó wo ọkọ̀.

"Lọ wọ bàtà ẹ," ó ní.

Bàbá onísípíríǹgì tó bá wa fi irin náà sí i nígbà yẹn ṣì wà ní ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lẹ́bàá Mile 12. Ará Ọ̀yọ́ ni, bíi tiwa.

"Ẹ fi kún un, ẹ tún ń yọ ọ́," ó ní. "Ṣé ọkọ̀ yín ti darúgbó ni?"

"Ọkọ̀ ò darúgbó," bàbá mi dáhùn. "Èmi ni."

Wọ́n fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n lu bóòlùtù tó di sípíríǹgì mú títí ó fi tú, wọ́n yọ irin mẹ́rin jáde. Bàbá onísípíríǹgì ní òun á gbà á. Bàbá mi kọ̀. Ó kó wọn sábẹ́ ìjókòó wa. Mo mọ ìdí rẹ̀: bí èmi bá tún ṣì í, yóò ní kí wọ́n dá a padà.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, fọkanáísà tó ti ń bá wa fẹ́ táyà láti ọjọ́ pípẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Kì í wo géèjì tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́. Irin kékeré ló fi ń gbá táyà, á sì tẹ́tí sí bó ṣe dún. Mo ní kó dín afẹ́fẹ́ táyà kù, pé bó ṣe ń fẹ́ ẹ fún iṣu ló ṣì ń fẹ́ ẹ. Ó wo bàbá mi. Bàbá mi mi orí sí i pé kó ṣe é. Èyí kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ohun méjì la yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá dára, n kò ní mọ èyí tó ṣe é. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ mìíràn.

Bí a ṣe ń ti oko bọ̀, ẹ̀yìn ni mo jókòó sí pẹ̀lú ẹyin. Ibì kan wà kí a tó wọ Mile 12 tí ọ̀dà ti ṣí, tí ọkọ̀ wa kì í kọjá níbẹ̀ láìta sókè. Mo gbọ́ tí bàbá mi tẹ bíréèkì. Mo fi ọwọ́ méjèèjì lé kíréètì. Ẹ̀yìn ọkọ̀ rọra lọ sísàlẹ̀, ó rọra gòkè, ó dúró. Lábẹ́ ìjókòó iwájú, irin mẹ́rin náà dún ṣaworo. Ẹyin kò dún.

Ní Kẹtu, ìyá ẹlẹ́yin gbé kíréètì òkè kúrò, ó gbé ìkejì àti ìkẹta. Ó ń gbé e lọ. N kò mọ̀ pé mo ti ń di aṣọ bàbá mi mú. Nínú ìkejìlá, ó rí méjì tó là, ó yí ọ̀kan wò lọ́wọ́, ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Èyí lè jẹ́ pé láti oko ló ti là," ó ní. Nígbà tó yẹ ìyókù wò tán, ó nàró. "Dádì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ tètè dé o. Mo ní ayẹyẹ ọjọ́ ìbí kan tí mo fẹ́ kó ẹyin fún."

Ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀rí. Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá mi nínú ọkọ̀, mo sì gbé e mì. Kò yà sí ọ̀nà ilé wa. Ó dúró síwájú ṣẹ́ẹ̀dì bàbá onísípíríǹgì, ó tẹ̀ sábẹ́ ìjókòó, ó fa irin mẹ́rin náà jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbé wọn sẹ́sẹ̀ bàbá náà.

"Wọ́n á wúlò fún ẹni tó ṣì ń lọ òkè ọya," ó ní.