Omi Tó Mọ́ Gaara

Mọ́tótó ni gbogbo wọn ń pe ìyá àgbà tó ń nu yàrá àwọn ọmọ tuntun nílé ìwòsàn náà. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà níbẹ̀, eruku kò sì bá a ṣọ̀rẹ́ rí. Àwọn nọ́ọ̀sì a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá, bí eṣinṣin bá fẹ́ wọlé ńkọ́?"

"Kó kọ́kọ́ fọ ẹsẹ̀."

Òun náà ló ń rọ omi sínú ìgò kékeré ara àpótí onígíláàsì tó ń mú ọmọ móoru, kí afẹ́fẹ́ má bàa gbẹ jù fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. "Omi tó mọ́ ni kẹ́ ẹ máa rọ sí i o," ni nọ́ọ̀sì àgbà wí. Ìyá bu omi ẹ̀rọ sínú ife, ó gbé e síwájú fèrèsé. Ó mọ́ gaara. Ó rọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ara ọmọ aránṣọ kan, tó wà nínú àpótí kìíní, gbóná, kò lè mu ọmú mọ́. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, ó ti kú. Lọ́jọ́ kejì, ara ọmọ inú àpótí kejì náà gbóná.

Dókítà dúró ti àpótí náà. "Oògùn yìí ò ràn án. Ó jọ kòkòrò inú omi, bẹ́ẹ̀ ó ṣọ̀wọ́n kó mú ọmọ tuntun. Nọ́ọ̀sì, irú omi wo ló wà nínú ìgò yìí?"

"Omi sísè ni, sà," ni nọ́ọ̀sì àgbà dáhùn.

Ìyá wo ìgò náà. Bó bá panu mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń mí fúkẹ́fúkẹ́ lójú rẹ̀.

"Omi ẹ̀rọ ni, Dókítà. Wọ́n ní omi tó mọ́. Mo wò ó, ó mọ́."

"Ìyá! Èyí tí a ti sè ni mo ní lọ́kàn!" ni nọ́ọ̀sì àgbà ké.

"O ò sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi."

Dókítà pààrọ̀ oògùn. Lọ́jọ́ kẹrin, ara ọmọ kejì bẹ̀rẹ̀ sí í tutù.

Ọjọ́ náà gan-an ni aránṣọ wá gba fìlà kékeré tó rán fún ọmọ rẹ̀. Bó ṣe rí Ìyá, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣeun, mà. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó tọ́jú ọmọ mi tó yín."

Ìyá fa àga kan sún mọ́ ọn.

"Dìde, ọmọ mi, jókòó," ló wí. "Má tíì dúpẹ́."