Orin Tó Ń Dún Lẹ́yìn Tí A Ti Tan Iná

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Verna Tregilgas jẹ́, èmi ni kí ẹ bi, nítorí èmi ni mo bá a jà jù ní gbogbo Port Carrow, ìlú etíkun wa ní Ọsirélíà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń fi sinimá hàn wá nínú gbọ̀ngàn ìlú. Yàrá kékeré tó wà lókè lẹ́yìn wa ló máa ń wà, òun àti ẹ̀rọ rẹ̀ tó gbóná bí ààrò, àti àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti fẹ́ yọ. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo, ṣùgbọ́n ó lágídí. Tíì ni iṣẹ́ tèmi. Èmi àti obìnrin méjì mìíràn là ń se omi nínú kẹ́tùlù ńlá, tí a sì ń gbé pásítì ẹlẹ́ran sínú ààrò, kí àwọn èèyàn lè fi nǹkan sẹ́nu kí wọ́n tó wakọ̀ padà sóko.

Nítorí tíì yìí la ṣe ní àṣà kan. Bí orúkọ àwọn òṣèré bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú aṣọ funfun, Verna á tan iná, á pa sípíkà gbọ̀ngàn, àga á máa ró gbàgà gbàgà, ó di ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ rẹ̀. Bí a ṣe bá a nìyẹn. Verna nìkan ló máa ń dúró lókè títí róòlù fíìmù ìkẹyìn á fi tán, tí á máa fi sípíkà kékeré inú yàrá rẹ̀ gbọ́ ohun tó kù. Nígbà tó bá fi sọ̀ kalẹ̀, pásítì rẹ̀ á ti tutù, kì í sì í ráhùn.

A tún ní rédíò. Inú ilé ẹrù ojú irin àtijọ́ ló wà, àwa ará ìlú la sì ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dọọdún, ní ìsinmi ọjọ́ ìbí ọba, nínú òtútù oṣù kẹfà, rédíò yìí máa ń fi ọjọ́ mẹ́ta lu ọgọ́ta orin fíìmù tó dára jù lọ láti ìgbà táyé ti ń ṣe fíìmù, bẹ̀rẹ̀ láti ipò ọgọ́ta títí dé ìkíní. Kì í ṣe orin tí èèyàn ń fẹnu kọ o. Èyí tí wọ́n ń lù sábẹ́ fíìmù ni, tí à ń gbọ́ nígbà tí ẹṣin ń sáré tàbí tí ìyàwó ń sunkún. Àwa la ń yàn án. Ìbò márùn-ún ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, a ó kọ ọ́ sórí ìwé, a ó sì jù ú sínú agolo bisikíìtì ní ilé búrẹ́dì. Ẹ má rò pé eré ni. Mo mọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí di Kérésìmesì nítorí ipò kẹta.

Òfin kan wà níbẹ̀. Fíìmù tó bá wà lórí ìwé ìbò fún ọdún mẹ́wàá, tí kò rí ìbò mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, kò sì gbọdọ̀ padà wá mọ́. Clem Rowett ló ṣe òfin náà. Awakọ̀ ọkà ni kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló ń darí ètò orin yìí, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ ọn létí bí kàkàkí.

Fíìmù kan ṣoṣo ni Verna ń jà fún. Iyọ̀ Lójú Fèrèsé lorúkọ rẹ̀, fíìmù kékeré kan tí wọ́n wá yà ní etíkun wa ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Obìnrin kan ń retí ọkọ rẹ̀ tó lọ sókun, ọkọ̀ ojú omi dé níkẹyìn, ọkọ kò sí nínú rẹ̀. Ó parí. Àwọn tó yà á fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún gbọ̀ngàn wa, a sì máa ń wò ó lọ́dún márùn-ún márùn-ún, nítorí pé afárá èbúté wa hàn nínú rẹ̀, bàbá Clem náà sì kọjá lẹ́ẹ̀kan, tó kẹ̀yìn sí wa. Ọkùnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní dùùrù ní Adelaide ló kọ orin rẹ̀. Wọn kò ṣe é sínú àwo rí. Ọdún mẹ́sàn-án ni Verna ti fi dìbò fún un. Ọdún tó rí ìbò jù, mẹ́ta ni: ti Verna, ti ọmọ rẹ̀, àti ti ẹnì kan tí gbogbo wa gbà pé ó ṣèèṣì.

Ọdún kẹwàá wá dé. Mo bá Verna níwájú agolo bisikíìtì ní ilé búrẹ́dì, ó mú ìwé ìbò lọ́wọ́, ojú rẹ̀ kò dán rárá.

"Tí wọ́n bá pa á rẹ́ lọ́dún yìí, ó tán nìyẹn," ó sọ fún mi. "Ọkùnrin yẹn ti kú. Ta ló tún máa rántí pé ó kọ nǹkan kan?"

"Verna, orin wo gan-an ló wà níbẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti wo fíìmù yẹn. Atẹ́gùn ni mo gbọ́, àti ẹyẹ."

Clem wà lórí ìlà lẹ́yìn wa. "Ẹ gbọ́ o! Verna fẹ́ ká dìbò fún ẹyẹ òkun."

"Ìwọ dákẹ́, Clem. Ohun tí kì í bá ti ṣe kàkàkí, o kì í gbọ́. Inú ọkọ̀ ọkà letí ẹ kú sí."

"Kó kú. Ẹnu mi ò kú. Ibo lorin ọ̀hún wà?"

"Ìparí ni! Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá dé. Odindi ìṣẹ́jú márùn-ún. Gbogbo ohun tó ti ń fi pa mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló ti tú u sílẹ̀."

"Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá dé," Clem ní, "tíì ló kàn."

Gbogbo ilé búrẹ́dì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rín in. Verna kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Èmi ni mo ń tan iná," ó wí. "Láti ọjọ́ yìí wá. Èmi ni mò ń tan iná lé e lórí, mo wá ń bínú sí yín pé ẹ ò gbọ́ ọ."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àánú náà fi tán, nítorí ohun tó tẹnu rẹ̀ jáde tẹ̀ lé e ni pé òun fẹ́ fi fíìmù náà hàn lọ́sàn-án Sátidé, kí ìbò tó parí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dìde títí aṣọ á fi ṣú.

"Pásítì mi ńkọ́?" mo bi í. "Ìgbà tí ọkọ̀ bá yọ lókèèrè ni mo máa ń lọ gbé e sínú ààrò."

"Gbé e síbẹ̀ tó bá yá."

"Tó bá yá kọ́! Ọgọ́ta èèyàn ni màá bọ́!"

"Fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná." Ó na ọwọ́ sí mi níwájú gbogbo èèyàn. Mo fún un. Mo sì fi ìkanra fún un, kó lè mọ̀.

Clem ti san owó búrẹ́dì rẹ̀, ó ti ń lọ, ló bá yíjú padà. "Èmi ni màá yí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà," ó ní. "Ṣebí ìwọ lo kọ́ mi. Tí a bá fi ẹ́ sílẹ̀ lókè, ọwọ́ ẹ á ti tan iná kó o tó mọ̀, torí ó ti mọ́ ọn lára."

Bí Verna ṣe jókòó sínú gbọ̀ngàn nìyẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, nígbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Kò mọ ibi tí yóò gbé orúnkún rẹ̀ sí. Fíìmù lọ títí, bàbá Clem kọjá, a pàtẹ́wọ́ fún un bí a ṣe máa ń ṣe. Ọkọ̀ dé. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ìdajì gbọ̀ngàn sì ti wà ní ìdúró.

"Ẹ jókòó!" Verna kígbe, ó na kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná sókè. "Ọwọ́ mi ni tíì yín wà!"

Wọ́n jókòó.

Dùùrù nìkan ló kọ́kọ́ dún, ó rọra ń dún bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ jí ọmọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn gòjé wọlé, wọ́n gba orin náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rántí obìnrin yẹn lójú fèrèsé, mo rántí ọkọ tèmi náà tó máa ń lọ mú akàn lókun kí ilẹ̀ tó mọ́, tí mo máa ń fetí sí ìró ọkọ̀ rẹ̀ bóyá ó ń bọ̀. Ibẹ̀ ni Verna ti gbá mi lọ́wọ́ mú.

"Kí nìyẹn?"

"Kí ni kí?"

"Nísàlẹ̀ yẹn. Ohun tó ń dún nísàlẹ̀."

Gòjé ńláńlá ni, àwọn tó ga ju èèyàn lọ. Ohùn wọn kò sáré, ó kàn gbé gbogbo orin yòókù dúró, àní mo ń gbọ́ ọ nínú pákó àga tí mo jókòó lé.

"Sípíkà mi ò mú un wá rí," Verna wí. "Ìdajì ni mo ti ń gbọ́. Ìdajì ni mò ń bá yín jà lé lórí."

Ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà sunkún, ojú kò sì tì mí. Nígbà tí orin náà tán, kò sí ẹni tó dìde. A jókòó sínú òkùnkùn títí a fi gbọ́ ohùn Clem láti òkè.

"Verna, ṣé kí n tan iná?"

"Má tíì tàn án."

Pásítì pẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó kú.

Nígbà tí ìsinmi ọba dé, ilé ìdáná Verna la ti gbọ́ ètò náà, òun ń bó ọ̀dùnkún, èmi ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Clem pe ipò kọkànlélógójì: Iyọ̀ Lójú Fèrèsé, ìbò mẹ́tàdínlógún. Ó ti gba orin náà sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Sátidé yẹn, a tiẹ̀ ń gbọ́ ikọ́ mi nínú rẹ̀. Àkókò ìròyìn tó, ó kọjá, Clem kò dá orin náà dúró.

Verna gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sún mọ́ rédíò. Rédíò kékeré ni, orí fìríìjì ló máa ń wà. Mo tẹ́tí títí, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn kò jáde rárá.

"Kò mú un wá," mo sọ fún un. Ó dùn mí.

"Kò burú," Verna wí. "Mo ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Ó padà sídìí ọ̀dùnkún rẹ̀, ó sì ń fi imú kùn ohùn ìsàlẹ̀ náà fúnra rẹ̀, títí orin fi parí.