Rasheedat àti Àpótí Tó Fi Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Ilé Opó

Wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri ilé ìwòsàn wa pé Rasheedat ló fúnra rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Irọ́ gbuu ni. Èmi Adétóun, tí mo ń tọ́jú fáìlì àwọn aláìsàn, ọ̀rọ̀ náà ṣojú mi, n kò sì ní í gbé e mì kó wá há mi lọ́fun.

Ilé ìwòsàn aládàáni ni tiwa, ní ọ̀nà Ṣímáwà, ní Ṣàgámù. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ọ́fíìsì mi tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà ńlá mẹ́rin sí, àwọn tí wọ́n ń pè ní sáfà. Ọ̀kan ń tọ́jú orúkọ àti àìsàn àwọn èèyàn, ọ̀kan ń tọ́jú àwòrán egungun, àwọn méjì tó kù jẹ́ ti yàrá àyẹ̀wò àti ti àwọn olóògùn. Bí ọ̀kan bá dákẹ́, ariwo á sọ láàárín àwọn nọ́ọ̀sì. Rasheedat nìkan ló mọ̀ wọ́n tọ́jú. Ọmọ Ọ̀fin ni, ìdílé olóbì ló ti wá, bí àwọn ìyá rẹ̀ sì ṣe máa ń yẹ obì wò kí kòkòrò má baà wọ inú agbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń yẹ wáyà wò.

Ṣẹ̀rífù ọkọ rẹ̀ ń kó obì lọ sí Kánò. Ibẹ̀ ni àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Rasheedat bẹ̀rẹ̀ opó ní ilé ọkọ rẹ̀ ní Ìjòkú, lọ́dọ̀ Àlàájà Hàbíbátù ìyá ọkọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wọn, opó kì í jáde títí oṣù mẹ́rin ó lé díẹ̀ yóò fi pé. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ṣàgámù.

Ọ̀gbẹ́ni Ògúnṣínà, máníjà wa, mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣe àdúà fún olóògbé tó fi pe Rasheedat lórí fóònù, ó ní òun ò lè máa di àyè mú de obìnrin tó jókòó sínú yàrá. Ẹ gbọ́ o! Obìnrin tí ẹkún ṣì wà lójú rẹ̀, tó sì ní ọmọ méjì tí kò ní bàbá mọ́.

Rasheedat kò bá a jà. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, àpótí kan wà tí wọ́n ń pè ní KVM. Bí ẹ bá rà á, màá máa ṣiṣẹ́ mi láti ilé. Kò sí ohun tí ẹ máa pàdánù.” Ògúnṣínà kùn títí, àmọ́ ó rà á.

Èmi ni Rasheedat ní kí n bá òun tò ó. Mo rò pé nǹkan bàbàrà ni, àfi bí mo ṣe rí àpótí pẹlẹbẹ tí mo lè gbé sí abíyá. Ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo ń ṣe é. Ó ní kí n so òwú pupa mọ́ wáyà sáfà àwòrán, kí n so funfun mọ́ ti àyẹ̀wò, kí n má baà ṣì wọ́n mú. Wáyà tó ń gbé ojú kọ̀ǹpútà àti èyí tó ń gbé kíbọ́ọ̀dù gba inú àpótí náà lọ sẹ́yìn sáfà kọ̀ọ̀kan. Wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì. Ẹni tó bá ní pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ lè jókòó síbikíbi, kó máa wo ojú sáfà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kó sì máa tẹ̀ wọ́n bí ẹni tó dúró tì wọ́n.

“Sista Adétóun, mo ti ń rí wọn!” Bó ṣe pariwo nìyẹn. Láti ọjọ́ tí Ṣẹ̀rífù ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀.

Ayọ̀ náà ò dọ́la. Bí ọ́fíìsì bá ti palẹ̀mọ́ ní ìrọ̀lẹ́, Rasheedat kò ní rí nǹkan kan mọ́. Bó bá di òwúrọ̀, á tún máa rí wọn. Ògúnṣínà ní ńṣe ló ń sùn, pé àpótí náà kò wúlò, pé bí ọ̀sẹ̀ bá fi parí bẹ́ẹ̀, òun á wá ẹlòmíràn. Rasheedat ń yẹ gbogbo ohun tó tẹ̀ wò, ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ó ṣe mí láàánú débi pé mo pinnu láti dúró wò ó lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí.

Yèsí ni mo rí? Ògúnṣínà fúnra rẹ̀ ni! Ó wọlé, ó wo ara ògiri yíká, ó sì ń pa sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, ta, ta, ta. Àwọn sáfà kò kú, nítorí orí ínfátà, bátìrì tó ń gbé iná nígbà tí NEPA bá mú un lọ, ni wọ́n wà. Àpótí Rasheedat ló wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri tí mo so ó mọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti fáànù, tí agbálẹ̀ máa ń tàn padà láàárọ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa náà nìyẹn: má fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní títàn lọ sílé, kí NEPA má baà fi ìbínú gbé iná wá, kó jó nǹkan mọ́ ẹ lọ́wọ́. Ìyá mi á ti gbá mi létí bí mo bá gbàgbé.

Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ̀ ń pa á!”

Ó ní, “Ṣé kí n jẹ́ kí iná jó ilé ni?” Ó tán. Kò bẹ Rasheedat, kò tiẹ̀ pè é. Mo yọ àpótí náà, mo so ó mọ́ ara ínfátà, láti ìgbà náà kò kú mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, sáfà yàrá àyẹ̀wò kú, ó tún dìde, ó wá dúró sójú dúdú, ó ń retí kí ẹnì kan tẹ bọ́tìnì kó tó lè tẹ̀ síwájú. Aboyún kan ń dúró de èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kí n tó sọ ọ́ tán lórí fóònù, Rasheedat ti tẹ bọ́tìnì náà láti Ìjòkú, ojú sáfà sì mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Ògúnṣínà kò pàtẹ́wọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

Lọ́jọ́ kejì ló pè mí. Ó ní òun ti rí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun kan ní Èkó tó mọ kọ̀ǹpútà. “Bí ẹni tó wà ní Ìjòkú bá lè ṣe é, ẹni tó wà ní Èkó náà lè ṣe é. Jẹ́ kí opó sinmi. Àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí.” Ó ní kí n lọ gba pásíwọ́ọ̀dù wá.

Àánú! Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ohun tí obìnrin náà gbé kalẹ̀ kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi gba iṣẹ́ náà.

Mo lọ sí Ìjòkú. Àlàájà gbọ́, wọ́n gbé agbọ̀n obì kúrò lórí itan wọn. “Má fún un! Jẹ́ kí dede wọn, tọ̀gá tọmọọṣẹ́, fi ojú ara wọn rí i!” Èmi náà ní kó má fún un. Mo ní kí wọ́n máa wá a títí.

Rasheedat fi etí gèlè funfun rẹ̀ nu ojú. Ó ní, “Sista mi, àwọn aláìsàn ò ṣẹ̀ mí. Bí sáfà bá tún dúró, tí kò sẹ́ni tó lè wọlé síbẹ̀, aboyún ni yóò jìyà rẹ̀, kì í ṣe Ọ̀gá.” Ó kọ ọ́ sórí bébà, ó pa á pọ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó wá yíjú sí ògiri.

Ògúnṣínà wà láàárín àwọn èèyàn tó ń dúró de dókítà nígbà tí mo dé. Ó gba bébà náà, ó tú u, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “O ò rí i? Kò tiẹ̀ bínú.”

Mo ní, “Kò bínú, Ọ̀gá. Èmi ń bínú.” Mo wá sọ ohun tó ṣe, látorí ọjọ́ tó pe opó títí dórí bébà ọwọ́ rẹ̀, níbẹ̀, lójú gbogbo wọn. Ó ní kí n dákẹ́. Mi ò dákẹ́.