Ìgbànú Abẹ́rẹ́

Wọ́n ní tí àwọn ìléròrò oníná yẹn bá ká ìbàdí èèyàn bí ìgbànú, tí orí rẹ̀ wá bá ìdí rẹ̀ pàdé, ó ti parí nìyẹn. Ẹnìkan tilẹ̀ búra pé òun mọ ẹni tó mọ ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí.

Etígbọ̀ọ́ Abẹ́rẹ́ ni àwọn aládùúgbò ti sọ ọ́, télọ̀ tó tín-ín-rín bí ìnagijẹ rẹ̀. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ló ń bá a fínra, oògùn sì ti gba okun ara rẹ̀. Ó jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ń jó o bí ẹni tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná fara kàn. Nígbà tó wò ó, ìléròrò ti tò síbẹ̀.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó dúró níwájú dígí oníbàárà, ó ń fi téèpù wọn iye àyè tó kù kí ìgbànú náà tó pàdé. Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé bá a.

“Olówó orí mi, ṣòkòtò ta lẹ ń ran tí ẹ fi bọ́ra sílẹ̀ báyìí?”

Ó fẹ́ fa ẹ̀wù rẹ̀ bo ara, ìrora ò gbà fún un. Ló bá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ọsibítù ń ba òun: tí wọ́n bá wo òun tán, tí wọ́n ní ó ku díẹ̀ kó pàdé ńkọ́?

Obìnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, ó ní àyè bọ́tìnnì ṣì pọ̀ láàárín orí àti ìdí rẹ̀. Ó wá gba téèpù lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í bọ inú gèlè rẹ̀.

“Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá oníbàárà jà pé ẹ kì í fojú wọn aṣọ, ẹnu aládùúgbò lẹ wá fi ń wọn ẹ̀mí ara yín?”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Abẹ́rẹ́, ó wọ bàtà.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ bá a wí. Ó ní ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn kì í fi irú èyí sùn, torí ó lè ràn dé ojú tàbí ẹ̀dọ̀fóró. Àmọ́ wọ́n dé lásìkò tí oògùn ṣì máa ràn án lọ́wọ́. Wọ́n fa oògùn sí i lára. Ìgbà yẹn ni Abẹ́rẹ́ fohùn pẹ̀lẹ́ béèrè nípa orí àti ìdí ìgbànú náà tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ pàdé.

Nọ́ọ̀sì ní kòkòrò ṣíkìnpọ́ọ̀sì, ìléròrò tó bo ara rẹ̀ ní kékeré, ló sùn sínú iṣan ìmọ̀lára, tó jí nígbà tí agbára ara dín kù. Ẹ̀gbẹ́ kan ló sábà máa ń wà, bó bá sì yí ìbàdí ká pàápàá, pípàdé rẹ̀ kọ́ ló ń pa èèyàn.