Kọ̀ǹpútà Tó Sùn Lé Ọ̀rọ̀ Bàbá Bùkárì Lórí

Ìbínú Àyìsátù kì í pẹ́ dé, kì í sì í tètè lọ. Gbogbo ìlú Èsìẹ́ ló mọ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ máa ń rí i láti òkèèrè: tó bá ti fún gèlè le, kí oníkálukú yáa gbé ìwé rẹ̀ jáde.

Obìnrin tó ti ilé ọkọ padà wá sílé bàbá rẹ̀. Tó ń kọ́ ọmọ láàárọ̀, tó ń bá ìyá rẹ̀ ro oko ẹ̀gẹ́ nírọ̀lẹ́. Ẹ̀gẹ́ yẹn, lórí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ́nà Rore. Ilẹ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Alhaji Salaudeen fẹ́ tà á. Ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ ni, ó jù ú lọ, Èkó ló ń gbé. Ó ní wọn kò pín ilẹ̀ náà rí, pé kò sí ààlà kankan níbẹ̀. Ìpàdé ẹbí di ọjọ́ Sátidé. Ẹni kan ṣoṣo tó kù tó mọ bí wọ́n ṣe pín in ni Bàbá Bùkárì, ẹ̀gbọ́n àwọn bàbá wọn. Arúgbó tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì mú bí abẹ. Lọ́dún tó kọjá, Àyìsátù fi bíírò kọ ohun tí Bàbá sọ. Salaudeen wò ó, ó ní, “Ọwọ́ Àyìsátù nìyí. Ẹnu Àyìsátù náà ni.” Ó ká a, ó fi nu bàtà.

Ohùn Bàbá fúnra rẹ̀ ló kù. Fóònù Àyìsátù kò mọ̀ ju ìpè àti tọ́ọ̀ṣì lọ, òun náà kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà nínú fóònù ẹlòmíràn. Àmọ́ ó ní kọ̀ǹpútà, tòkunbọ̀ kan tó máa ń gba ohùn sílẹ̀ dáadáa.

Kì í pa kọ̀ǹpútà náà. Ọdún tí epo bẹntiróòlù di ọ̀wọ́n, tí jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò dákẹ́, ta ló fẹ́ fi bátìrì ṣòfò lórí títàn-pípa? Ó kàn ń dé e ni. Á sùn. Tó bá ṣí i, á bá iṣẹ́ rẹ̀ níbi tó fi í sí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lò ó láti ọjọ́ tó ti rà á.

Nǹkan kan sì tún wà. Nílé wọn, a kì í kí àgbà láti orí iṣẹ́. Bí o bá ń gúnyán, o gbé ọmọ odó sílẹ̀. Bí o bá ń kàwé, o pa ìwé dé. Kọ̀ǹpútà dé, òun náà bọ́ sínú òfin yẹn. Dé e. Kúnlẹ̀.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, Bàbá jókòó sórí ẹní, ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn igi òrí. Òkìtì ọ̀gán. Odò kékeré tó máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Ohùn rẹ̀ ń dà wọlé. Ìyá Jàrátù, aládùúgbò wọn, yọ lẹ́nu ọ̀nà. Àyìsátù dé kọ̀ǹpútà, ó kúnlẹ̀. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n kí orúnkún tó ń ro ìyá. Ìyá lọ.

Ó ṣí i. Dúdú.

Iná kékeré etí rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó tẹ bọ́tìnnì kan. Ó tẹ gbogbo wọn. Nígbà tó sú u, ó di bọ́tìnnì ìtanná mú títí ó fi kú pátápátá, ó tún un tàn. Ó tàn kedere, bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Ohùn Bàbá kò sí níbẹ̀.

“Ọ̀rọ̀ mi dà?” ni Bàbá wí.

“Ó ti lọ, Bàbá. Kọ̀ǹpútà gbé e mì.”

“Ìyá Jàrátù ló wá kí wa, ìwọ wá fi ọ̀rọ̀ mi ṣe é lálejò.” Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á tún un sọ lọ́la.

Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe ń tún un sọ lọ́wọ́, Lèmọ́mù wọlé. Dé e. Kúnlẹ̀. Ṣí i. Dúdú. Bàbá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wá ọ̀pá rẹ̀, ó dìde.

“Ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe àgbàdo tí à ń yan ní àyàntúnyan. Mi ò sọ mọ́.”

Àyìsátù pe Abdulrasaq, àbúrò rẹ̀, ní Èkó.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọ́pídéètì ni mo ṣe fún un nígbà Iléyá ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo sọ ọ́ di tuntun fún yín ni.”

“Ta ló rán ẹ?”

“Ó ti gbó jù. Gbogbo ayé ló ń ṣe é.”

“Kí o tó fọwọ́ kàn án, ó ń sùn, ó ń jí. Nísinsìnyí ó ń sùn bí òkú.”

“Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn.”

“Mo ti pa á. Ohùn Bàbá ni mo bá a pa. Ìwọ ò ní ẹ̀gẹ́ kankan nínú ilẹ̀, àbí?”

Abdulrasaq ní nẹ́tíwọ̀kì ń ṣe ségesège. Ó gé e.

Ní Tọ́sìdeè, Àyìsátù gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀mù-Àrán, sọ́dọ̀ Bámigbóyè tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò tíì jókòó tí onítọ̀hún fi dájọ́.

“Tíṣà, ẹ fi sílẹ̀. Màá fọ́máàtì ẹ̀. Gbogbo inú ẹ̀ á dànù, á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.”

“Bí orí bá ń fọ́ ìyàwó ẹ, ṣé bíbẹ́ lo máa ń bẹ́ ẹ?”

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Bámigbóyè kò rẹ́rìn-ín. Àyìsátù fa àga, ó jókòó tì í gbọingbọin. Wọ́n dé e pẹ̀lú ṣájà, wọ́n ṣí i. Dúdú. Wọ́n yọ ṣájà, wọ́n dé e, wọ́n ṣí i. Dúdú. Wọ́n fi í sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án títí ó fi sùn fúnra rẹ̀. Dúdú. Ló bá sọ pé kí Bámigbóyè fi Kùránì kíkà sí i. Ó fi sí i, ó dé e. Ohùn dákẹ́. Ó ṣí i.

Ojú dúdú. Ohùn sì ń ka Kùránì lọ.

“Ó jí,” ni Bámigbóyè wí jẹ́jẹ́. “Ojoojúmọ́ ló ń jí. Ojú ẹ̀ ni kò là.”

Ó ṣàlàyé. Ọ́pídéètì ti pààrọ̀ ètò tó ń darí ojú kọ̀ǹpútà, tuntun kò sì bá tòkunbọ̀ yìí mu. Ti àtijọ́ ni kí àwọn dá padà. Ó ń fẹ́ dátà, nẹ́tíwọ̀kì sì ti kú jákèjádò ìlú láti àárọ̀. Ó di Mọ́ńdè.

“Sátidé ni ìpàdé mi.”

Bámigbóyè tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó kà á léèwọ̀ fún un kó má sùn fúnra rẹ̀. “Àmọ́ tí ẹ bá dé e, mi ò bá yín dá sí i.”

Lórí ọ̀kadà, ìbínú Àyìsátù kò mọ ibi tí yóò bà sí. Abdulrasaq. Àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà nílùú òyìnbó. Lẹ́yìn náà, ìka ọwọ́ ara rẹ̀. Ohùn Bàbá wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì, láàyè, nínú òkùnkùn. Òun ló di bọ́tìnnì mú títí ó fi kú.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà lọ bá Bàbá. Bàbá kọjú sí ògiri.

“Kí ló pa ọ̀rọ̀ mi gan-an?”

“Èmi ni. Mo dé e kí n lè kúnlẹ̀ kí àlejò.”

“O pa mí lẹ́nu dé nítorí àlejò.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Inú sì ń bí mi.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Inú ń bí èmi náà.” Ó yíjú padà. “Tàn án.”

Ó ti sọ̀rọ̀ dé ìdí igi òrí kejì nígbà tí mọ́tò dúró níta. Bàtà aláriwo. Aṣọ ńlá. “Àsàláámù àlékúmù. Bàbá, mo dé o.”

Ọwọ́ Àyìsátù ti gbéra fúnra rẹ̀ lọ sórí ìdérí. Ọ̀pá Bàbá gbá a lọ́wọ́.

“Má dé e. Jókòó. Ta nìyẹn?”

“Èmi Salaudeen ni, Bàbá.”

“Dúró síbẹ̀. Mo ń sọ̀rọ̀.”

“Ẹ káàbọ̀, Alhaji,” ni Àyìsátù wí. Orúnkún rẹ̀ kò kan ilẹ̀.

“Orí ìjókòó lo ti ń kí mi? Ṣé ilé ọkọ lo ti kọ́ ìyẹn?”

“Ilé bàbá mi ni. Nísinsìnyí ni mo kọ́ ọ.”

Bàbá kò dá sí wọn. “Lọ́jọ́ tí a pín in,” ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, “bàbá Salaudeen dúró níbi òkìtì ọ̀gán tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní, títí ibí ni tèmi.”

Salaudeen bú sẹ́rìn-ín. “Àyìsátù, ṣé o gbọ́? Arúgbó yìí ni kó wá sọ̀rọ̀ níwájú ẹbí lọ́la? Bàbá, ẹ ti gbàgbé. Òkìtì ọ̀gán ẹ̀bá odò ni. Bàbá mi fi hàn mí. Ibẹ̀ ni tiwa parí sí.”

“Ẹ̀bá odò?”

“Ẹ̀bá odò, Bàbá.”

“Ó dáa,” ni Bàbá wí. “Mo ti gbàgbé.”

Lójú kọ̀ǹpútà, ìlà kékeré tó ń fi ohùn hàn ṣì ń fò sókè, ó ń fò sílẹ̀. Àyìsátù tẹ bọ́tìnnì, ó fi í pamọ́. Ó tún ṣí ohùn náà wò bóyá ó wà níbẹ̀, ohùn Salaudeen, ẹni tó ti ní kò sí ààlà kankan, sì ké jáde nínú yàrá: ibẹ̀ ni tiwa parí sí.

Ó pa ohùn náà lẹ́nu mọ́. Ó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó dìde, ó kúnlẹ̀ dáadáa.

“Ẹ káàbọ̀, Alhaji. Àwọn ará ilé ńkọ́?”