Ọ̀já Gbígbó Tí Ìyá Mi Rà Ní Díóbù

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní ìlú Pọ́tákọ́ọ̀tù yìí kan náà tí ẹ̀yin ọmọ òde òní ń gbé mọ́tò sáré kiri, ìyá mi ra ọ̀já kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ọ̀já ìpọnmọ kì í ṣe ohun tí àgbàlagbà ń jókòó pìtàn lé lórí. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ẹ bá bi mí pé báwo ni ogun ṣe rí, tí ẹ tẹ́tí pé kí n sọ̀rọ̀ ìbọn àti bọ́ǹbù, ọ̀já yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, inú mi á sì bàjẹ́ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Akọ̀wé ni bàbá mi ní wáàfù. Nígbà tí àwọn sójà ìjọba àpapọ̀ gba ìlú yìí, tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò tún iṣẹ́ wáàfù bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá láti Èkó. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ránṣẹ́ pé kí èmi àti ìyá mi máa bọ̀. Ọkọ̀ ojú omi la bá dé, èébì ni mo sì ń bì láti Èkó títí a fi gúnlẹ̀. Wọ́n fún wa ní yàrá kan nínú ilé kan ní Díóbù. A bá àga níbẹ̀, a bá ìkòkò nídìí ààrò, lára ògiri yàrá wa ni ẹnìkan sì ti fi pẹ́ńsùlù fa ìlà, ọ̀kan lórí èkejì, bí àwọn òbí ṣe máa ń wọn gíga ọmọ wọn. Mo máa ń lọ fi ẹ̀yìn ti ògiri náà kí n lè mọ ìlà tí mo ga jù. Lọ́jọ́ kan mo bi bàbá mi pé àwọn ọmọ ta ni wọ́n wọ̀n síbẹ̀. Ó ní kí n lọ jẹun. Bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa láti má béèrè ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Inú yàrá yẹn ni wọ́n ti ń pe ìyá mi ní ìyá ọmọ tuntun. Ọkùnrin ló bí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọmọ náà jẹ́ fún un kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Lẹ́yìn èmi, ó ti bí méjì, ó sì ti sin méjèèjì. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí, bó bá sín pẹ́rẹ́, ìyá mi á fò dìde. Bó bá sùn jù, á jí i kó lè mọ̀ pé ó ṣì ń mí. Ní abúlé tiwa lókè lọ́hùn-ún, obìnrin tí ọmọ ti kú mọ́ lọ́wọ́ kì í dédé lọ ra ọ̀já tuntun. Ìyá rẹ̀ ni yóò lọ bá abiyamọ kan tí gbogbo ọmọ rẹ̀ yè, tí yóò bẹ̀ ẹ́ kó fún òun ní ọ̀já tó ti lò gbó. Bí ọ̀já náà bá ṣe gbó tó ni inú wọn ṣe ń dùn tó, torí ọ̀já tí ọmọ lò gbó, ọmọ yè lórí rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà wà lókè lọ́hùn-ún, ogun wà láàrin, bàbá mi sì ti ní òun ò lówó ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ní ẹni tí kò ní ìyá kì í dá egbò ẹ̀yìn. Ìyá mi ní ìyá, ìyá ló jìnnà, egbò ọ̀hún sì ti wà lẹ́yìn rẹ̀ ná.

Owó oṣù bàbá mi, kí Ọlọ́run dárí jì í, apá kan ń lọ sọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀, apá kan ń yà sí ilé ọtí tó wà lẹ́bàá wáàfù, èyí tó bá ṣẹ́ kù ló máa ń wá bá wa nílé, tìtìjú-tìtìjú ló sì máa ń wọlé. Ìyá mi ò lè fi èyí bọ́ wa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í din àkàrà lójú ọ̀nà Trans-Amadi, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń padà sí àwọn ilé iṣẹ́ ní díẹ̀díẹ̀. Èmi ni mo ń lọ ẹ̀wà, èmi náà ni mo ń fẹ́ iná. Tówẹ́lì kan tó ti fẹ́lẹ́ ló fi ń pọn àbúrò mi, kò sì sí ohun tó burú tó tówẹ́lì lẹ́yìn ẹni tó ń dáná, nítorí yíyọ̀ ló máa ń yọ̀ bí òógùn bá ti mú un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó tẹ̀ síwájú láti yí àkàrà, tówẹ́lì sì tú. Àbúrò mi yọ gba abẹ́ apá rẹ̀, ó kọrí sínú agbada epo gbígbóná. Ìgbọ̀nwọ́ ni ìyá mi fi gbá a mọ́ra. Epo ò kan ọmọ, ṣùgbọ́n ìgbọ̀nwọ́ ìyá mi lẹ̀ mọ́ etí agbada, àpá yẹn ló sì bá a wọ sàréè. Kò ta àkàrà mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbá ọmọ mọ́ àyà, ó ń sọ pé, "Kò ní di ẹ̀kẹta, kò ní di ẹ̀kẹta."

Ọjọ́ kejì la lọ sọ́jà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù ra nǹkan, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ra ọ̀já nígbà tí owó ò bá sí. Ọ̀dọ̀ ìyá Òṣogbo la kọ́kọ́ yà, obìnrin wa kan tó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ sójà wá, tó ń ta aṣọ. Ọ̀já tirẹ̀ tuntun ni, ó fẹ̀, ó nípọn, wọ́n gán etí rẹ̀ dáadáa. Ìyá mi gbé e lé èjìká, ó gbọ́ iye rẹ̀, ó sì rọra ká a padà síbi tó wà. Ọkùnrin kan na aṣọ àgọ́ sójà sí wa, ó ní òjò ò lè wọ̀ ọ́, òun á sì dín owó rẹ̀ kù. Ìyá mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì í padà, ó ní itan ọmọ ni òun fẹ́ fi dì, kì í ṣe àgbá epo.

Ìkángun ọjà ni wọ́n tẹ́ àpò sí, tí wọ́n da aṣọ lé e lórí gègèrè. Wọ́n ń pe irú àlòkù bẹ́ẹ̀ ní òkìríkà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òkìríkà tó ti ìlú òyìnbó wá. Gbogbo wa la mọ ibi tí wọ́n ti kó o. Bàtà ọmọdé wà níbẹ̀, aṣọ tí èèyàn ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, férémù wà níbẹ̀ tí wọ́n ti yọ fọ́tò inú rẹ̀ sọnù. Inú òkìtì yẹn ni ìyá mi ti fa ọ̀já náà yọ. Aṣọ híhun ni, irú èyí tí àwọn obìnrin Akwete máa ń hun, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Ó fà á, kò nà. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wé e mọ́ra, ó rí i pé etí rẹ̀ ṣì kù tó èyí tí a lè fún, kí a sì fi há àyà. Láàárín rẹ̀, níbi tí ìdí ọmọ máa ń gbé, ẹnìkan ti fi kákí lẹ̀ ẹ́, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì wẹ́ bíi ti máṣíìnì. Ìyá mi ní kí n gbé àbúrò mi sí òun lẹ́yìn. Ó dì í, ó wá tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń yí àkàrà, níwájú gbogbo ọjà. Ọmọ ò mì rárá.

Ó bi gèǹdé tó ń tà á pé, "Who get am before?"

Gèǹdé náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Madam, you wan buy, abi you wan ask question?"

Ìyá Òṣogbo ti ń wò wá láti ọ̀ọ́kán. Ó pariwo pé, "Ọ̀já ẹni ẹlẹ́ni lo fẹ́ fi pọnmọ? Ṣé o mọ ibi tó ti ń bọ̀ ni?"

"Mi ò mọ̀, mà," ni ìyá mi wí, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan ránṣẹ́ sí láti ilé. "Ẹ sá wo bó ṣe gbó. Ọmọ ti lò ó, mà. Ọmọ yè lórí ẹ̀."

Owó tó wà létí aṣọ rẹ̀ tó o, a sì tún fi ìyókù ra ata. Kí n má parọ́, ọ̀já náà ṣiṣẹ́. Àbúrò mi sanra lórí rẹ̀, ó ń sùn sí i, ó ń tò sí i, ó ń jí sí i. Ìyá mi dẹ́kun àtimáa jí i lójú oorun. Ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nídìí agbada.

Ogun wá parí. Wọ́n ní ká máa yọ̀, a sì yọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ti sá kúrò nílé wọn ní ìlú yìí nígbà ogun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọ̀nà Ẹlẹ́lẹ̀nwó, pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú àti ẹrù tí kò kún ọwọ́. Ẹlòmíràn dé ilé ara rẹ̀, ó bá àjèjì lórí ibùsùn rẹ̀, àjèjì náà á sì bi í pé ta ló ń wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú, obìnrin kan wá dúró lẹ́yìn ìyá mi. Ó fa ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ tí kò jù mí lọ, irun orí ọmọ náà ti pọ́n bí irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo. Èmi rò pé àkàrà ni wọ́n ń wò. Ìyá mi tẹ̀ síwájú láti yí àkàrà, ni obìnrin náà bá na ìka kan, ó gbé e lé kákí tó wà lára ọ̀já, ó rọra ń fi tọ ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyá mi yí padà wìrì.

"Na my first pikin school knicker," ni obìnrin náà wí. "Na me sew am." Kò gbóhùn sókè. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń fi yàrá rẹ̀ han àlejò.

Awakọ̀ kan tó ń jẹ àkàrà lọ́wọ́ pòṣé. "Dem don start. Small time dem go say na dem get the road." Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ṣì wà létí mi, mo sì kórìíra rẹ̀ títí di òní olónìí.

Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Kò sì sọ pé òun fowó rà á, bẹ́ẹ̀ ó fowó rà á. Ohun tó béèrè ni ohun tó fẹ́ gbọ́ láti ọjọ́ tó ti rí ọ̀já náà. "Madam, abeg, how many pikin e carry?"

"Five."

Mo rí i tí ojú ìyá mi tàn. Márùn-ún! Obìnrin náà gbé ọwọ́ ọmọ tó fà lọ́wọ́ sókè díẹ̀.

"Na this one remain."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò tíì rí ibi tí èèyàn ti yára tú ọ̀já tó báyẹn. Ìyá mi gbé àbúrò mi jù sí mi lọ́wọ́, ó ká ọ̀já náà, ó kúnlẹ̀ sínú eérú, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí obìnrin náà. Àwọn tó wà níbẹ̀ rò pé àánú ló ṣe é. Èmi tí mo dúró tì í rí ojú rẹ̀. Ẹ̀rù ni. Obìnrin náà rí i pẹ̀lú, ohun tó sì ń dùn mí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Kò gbà á. Ó wo ọ̀já, ó wo àbúrò mi tó ń sunkún lọ́wọ́ mi. "My sister, no be cloth kill dem," ó ní. "Na hunger." Ó mi orí díẹ̀. "If I collect am, wetin I go take am tie?"

Ìyá mi kó gbogbo àkàrà tó wà nínú igbá fún ọmọ rẹ̀. Wọ́n gbà á, wọ́n lọ. Ọmọ náà ń wẹ̀yìn wò mí bó ṣe ń jẹ ẹ́, a ò sì rí wọn mọ́.

Ìyá mi ò fi ọ̀já yẹn pọn ẹnikẹ́ni mọ́. Bàbá mi bínú, ó ní kí ló dé tí a fowó ra nǹkan tán tí a ò lò ó. Àbúrò mi padà sórí tówẹ́lì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tèmi ni wọ́n dì í sí, jìnnà sí agbada, ilé ìwé mi sì dúró títí ó fi ń sáré. Bí ọyẹ́ bá ti ń mú lọ́dọọdún, ìyá mi á fọ ọ̀já náà, á sá a sórí okùn ní iwájú ilé níbi tí ẹni tó ń kọjá á ti rí i, á sì ká a padà sínú àpótí nírọ̀lẹ́. Ó ní olóhun lè dé. Ìsàlẹ̀ àpótí yẹn la ti bá a nígbà tó kú.

Àbúrò mi kò kú. Ó ti di bàbá àgbà báyìí, ikùn rẹ̀ ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Eneka ló wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pẹ̀lú oyún nínú, tó na fóònù sí mi pé kí n bá òun yan èyí tó dára tí owó rẹ̀ ò sì ga ju agbára òun lọ. Wọn ò pè é ní ọ̀já mọ́. Ó ní ìdè tí wọ́n fi ike ṣe, ó ní ibi tí ọrùn ọmọ ń gbé. Nǹkan wọ́n nìlú, mi ò bá a jà. Mo sọ fún un pé kó mú èyí tó fẹ̀ nídìí, tí aṣọ rẹ̀ kì í nà. Ó wá fi ọ̀kan hàn mí tí owó rẹ̀ jẹ́ ìdajì iye àwọn tó kù, torí pé ẹnìkan ti lò ó rí. Ó mọ́ tónítóní. Kò jọ pé wọ́n lò ó pẹ́.

Mo bi í pé, "Ta ló ni ín tẹ́lẹ̀? Kí ló dé tó fi ń tà á?"

Ẹ̀yin ní ayé ti yí padà. Ọmọ àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó gbá mi léjìká. "Ah, Big Mummy! Who dey ask that kind question?" Ó tẹ fóònù, ó sì rà á.